Ohùn Oníbàárà: Yíyan Ọ̀rọ̀ fún Ìpolówó Olówó Pọ́ọ́kú Lórí Ẹ̀rọ Àwárí

Ọ̀rọ̀ tí olóòtú gbé lé wa lọ́wọ́ lónìí lè kọ́kọ́ ṣàjèjì létí yín. Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ìpolówó ọjà. Ìdáhùn mi kò gùn. Ìpolówó tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ọ̀rọ̀ ni a fi ń ṣe é: ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin péré. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ yàn yóò fi owó díẹ̀ rí oníbàárà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàn yóò ná owó rẹ̀ tán láìrí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ni ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a mọ̀. Ìpolówó ọjà kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín Yorùbá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹlẹ́kọ ti ń ké, tí alákàrà ń ké, tí oníṣu sísè náà sì ń ké. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ti fi hàn wá pé igbe wọ̀nyí ní ewì nínú, pé wọ́n ní ìró, àwítúnwí àti àfiwé tí a lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: olùtajà ni ó ń ké, olùrà ni ó ń gbọ́. Ẹlẹ́kọ kò mọ inú ilé tí ebi ti ń pa ènìyàn. Gbogbo àdúgbò ni ó ń ké sí, ẹni tí ó bá wù ni yóò pè é. Bákan náà ni ìpolówó orí rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n rí.

Ti orí ẹ̀rọ àwárí yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, olùrà ni ó kọ́kọ́ ń ké. Ẹni tí ó ní aṣọ láti rán jókòó sílé rẹ̀, ó mú fóònù, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú Google. Igbe ni ó ké yẹn. Ohun tí ó kù fún olùtajà ni pé kí ó ti mọ irú igbe tí oníbàárà rẹ̀ máa ń ké, kí ó sì ti sọ fún ẹ̀rọ náà ṣáájú pé, “Bí ẹnikẹ́ni bá ké báyìí, ẹ bá mi dá a lóhùn.” Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè ní kíwọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí, a ó máa pè é ní ọ̀rọ̀ àwárí.

Báwo ni ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ GoTo.com, èyí tí Bill Gross dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ààyè lórí ẹ̀rọ àwárí bí ẹni ń ṣe gbàǹjo. Ẹni tí ó bá fi owó tí ó pọ̀ jù lé ọ̀rọ̀ kan ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lókè, kò sì ní í san kọ́bọ̀ àfi bí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó rẹ̀. Google gbé ètò tirẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, apolówó 350 ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2002, òun náà mú gbàǹjo pọ̀ mọ́ sísan owó lórí títẹ̀. AdWords ni wọ́n ń pe ètò náà títí di ọdún 2018 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Google Ads. Ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ìbéèrè tí apolówó kan ń dúró dè, gbàǹjo kékeré kan máa ń wáyé kí ojú tó ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Google fi nǹkan kan kún gbàǹjo yìí tí ó ṣe mẹ̀kúnnù ní àǹfààní. Kì í wo owó nìkan. Ó máa ń wò ó bóyá ìpolówó náà bá ohun tí ènìyàn ń wá mu, bóyá ojú-ewé tí ó ń darí ènìyàn sí wúlò, àti bóyá ó jọ ohun tí ènìyàn yóò fẹ́ tẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń fi máàkì láti 1 dé 10 han apolówó kí ó lè mọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ṣe sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìbéèrè mu lè gba ipò iwájú lọ́wọ́ ẹni tí ó lówó jù ú lọ, kí owó tí yóò san sì kéré sí ti onítọ̀hún. Bí a bá rò ó dáadáa, ọgbọ́n èdè ni ó di owó yìí.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà wà lójú òfurufú, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó ń ránṣọ ní Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni ó ní, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Ká ní ₦1,000 ni ó lè yọ sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ìpolówó, ká sì ní títẹ̀ kan jẹ́ ₦50. Àpèjúwe lásán ni iye owó wọ̀nyí, nítorí owó títẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀ àti láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ènìyàn 20 péré ni owó yẹn lè mú wá lójúmọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju ìbéèrè kan lọ: ènìyàn 20 wo ni?

Ohun èkíní tí yóò ṣe ni pé kí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú ti oníbàárà. Lórí pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó kọ “couture house”, tàbí “fashion designer”. Orúkọ tí ó bu iyì kún iṣẹ́ ni, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í wá “couture”. Ohun tí yóò tẹ̀ ni “tailor in Bodija”, tàbí “tailor near me”, tàbí “who can sew aso ebi in Ibadan”. Nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, a máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ṣòro kí á rí ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n dọ́gba délẹ̀délẹ̀. “Télọ̀”, “aránṣọ” àti “fashion designer” lè tọ́ka sí ẹnì kan náà, ṣùgbọ́n ẹnu tí ń sọ wọ́n yàtọ̀, ìdí tí a fi ń sọ wọ́n sì yàtọ̀.

Báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀rọ̀ oníbàárà? Kí ó fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nà yòówù tí oníbàárà bá gbà béèrè nǹkan, ìbáà jẹ́ lójúkojú, lórí fóònù tàbí lórí WhatsApp, kí ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí ó má tún un ṣe. Bí oníbàárà bá sọ pé, “Ẹ ṣé ẹ lè bá mi dín aṣọ yìí kù?” kí ó kọ “dín aṣọ kù”, nítorí títún aṣọ ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn púpọ̀ ń wá tí ọ̀pọ̀ aránṣọ kì í sì í polówó rẹ̀. Iṣẹ́ tí onímọ̀ ẹ̀ka-èdè ń lọ ṣe ní abúlé nìyẹn: ó jókòó, ó tẹ́tí, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́, kì í ṣe ohun tí ó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ. Google ní irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Keyword Planner, tí a fi lè mọ bí ènìyàn ti ń wá ọ̀rọ̀ kan tó. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò etí. Google fúnra rẹ̀ ti sọ pé nínú ìbéèrè 100 tí ènìyàn ń tẹ̀ lójúmọ́, nǹkan bí 15 ni ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ rí. Èdè kò ní òpin. Ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí a ti sọ ni ó ní òpin.

Ohun èkejì ni èrò ọkàn ẹni tí ń wá nǹkan. Onímọ̀ nípa ìlò èdè nì, J. L. Austin, jẹ́ kí ó yé wa nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1962 pé bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ẹ̀rọ àwárí náà jẹ́ iṣẹ́. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́rin wọ̀nyí: “ankara styles”, “fashion design school”, “sewing machine price”, “tailor in Bodija”. Ọ̀rọ̀ aṣọ rírán ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó tẹ ti àkọ́kọ́ ń wá àwòrán tí yóò fi han aránṣọ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹni kejì fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Ẹni kẹta fẹ́ ra ẹ̀rọ. Ẹni kẹrin nìkan ni ó gbé aṣọ lọ́wọ́ tí ó ń wá ẹni tí yóò bá òun rán an. Bí obìnrin wa bá yan “ankara styles” nítorí pé ó gbọ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń wá a, àwọn awòran ni yóò fi ₦1,000 rẹ̀ gbà lálejò. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò wo àwòrán, wọn yóò sì máa bá tiwọn lọ. Wọn kò ṣẹ̀ ẹ́. Òun ni ó pe ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbòòrò a máa fa èrò, ọ̀rọ̀ tóóró a sì máa fa oníbàárà. Ẹni mẹ́wàá tí ń wá “tailor for aso ebi in Bodija” sàn fún un ju ẹgbẹ̀rún tí ń wá “fashion” lọ. Àwọn tí ń du irú ọ̀rọ̀ tóóró bẹ́ẹ̀ kì í sábà pọ̀, èyí sì máa ń jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ẹni tí ó ní owó kékeré kò gbọdọ̀ lé eku ogún.

Ohun ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ibùgbé. Ọjà tí ènìyàn ń tà fún àdúgbò rẹ̀ kò nílò kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Kí ó lo orúkọ àdúgbò tí oníbàárà ń lò: Bódìjà, Àgbowó, Mọ́kọ́lá, Ṣángo. Ṣùgbọ́n orúkọ ibùgbé ní ìṣòro tirẹ̀. Ṣángo wà ní Ìbàdàn, Ṣángo sì wà ní Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Sábó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ṣàgámù, ó sì wà ní Yábà ní Èkó. Bí ó bá fi “tailor in Sabo” sílẹ̀ láìfi ìlú kún un, tí kò sì pààlà ibi tí ìpolówó náà yóò dé, ẹni tí ó wà ní Èkó ni yóò ná owó rẹ̀. Ètò Google gbà kí apolówó fa àyíká kan yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, ìwọ̀n kìlómítà tí ó bá fẹ́, kí ìpolówó náà má kọjá ibẹ̀.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra níbi yìí. Bí ènìyàn kò bá fọwọ́ kan ètò náà bí wọ́n ṣe fi í lélẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn nìkan ni yóò rí ìpolówó náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kàn lọ́kàn yóò rí i pẹ̀lú, kódà bí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún ẹni tí ń tún fíríìjì ṣe, òfò pọ́ńbélé ni èyí. Fún aránṣọ wa, ó lè má jẹ́ òfò, nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun a máa rán aṣọ ẹbí nílé. Bí ó bá fẹ́ ti àwọn yẹn, kí ó ya owó wọn sọ́tọ̀ kí ó sì yan ọ̀rọ̀ tiwọn sọ́tọ̀. Kí ó má jẹ́ kí ẹ̀rọ pinnu fún un.

Ohun ẹ̀kẹrin ni ọgbà tí a ń sọ yí ọ̀rọ̀ ká. Oríṣi mẹ́ta ni. Ọgbà gbayawu ni ti àkọ́kọ́: ẹ̀rọ lè fi ìpolówó han ẹnikẹ́ni tí ìbéèrè rẹ̀ bá ti fara jọ ọ̀rọ̀ náà, bí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọgbà àpólà ọ̀rọ̀ ni èkejì, tí a máa ń fi àmì ìfàyọ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀: ìtumọ̀ àpólà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ènìyàn tẹ̀, bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tilẹ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbà gẹ́lẹ́ ni ẹ̀kẹta, tí a ń fi sínú àkámọ́ onígun: ohun tí ènìyàn tẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a yàn. Oríṣi kẹrin wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 ni Google pa á pọ̀ mọ́ ti àpólà ọ̀rọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbà àpólà ọ̀rọ̀ àti ọgbà gẹ́lẹ́. Tí a kò bá sọ ọ́, ọgbà gbayawu ni ẹ̀rọ náà yóò mú.

Ohun ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ìdènà, èyí tí ọ̀pọ̀ apolówó máa ń gbàgbé. Bí a ti ń yan ọ̀rọ̀ tí a fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ó yan èyí tí a kò fẹ́. Aránṣọ wa lè dènà “job”, “salary”, “course”, “training”, “free”, “pictures”, “machine”. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi èyíkéyìí nínú wọn kún ìbéèrè rẹ̀ kò ní í rí ìpolówó náà, owó kò sì ní í jáde. Kí ó dènà ẹyọ àti ọ̀pọ̀, “job” àti “jobs”, nítorí ìdènà ọ̀kan kò kan èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó ka àkọsílẹ̀ tí Google ń fi han apolówó, níbi tí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀ gan-an wà. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ tuntun tí ó yẹ kí ó yàn àti alejò tí kò yẹ kí ó tún wọlé mọ́.

Mo wá dé ibi tí ó kan àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá jù lọ. Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, wọn kì í sì í fi ìsàmì sábẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ. Ẹ wo “oko”. Ṣé oko tí a ń ro ni, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó ni, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè? Ẹ wo “igba”: ó lè jẹ́ 200, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, ó lè jẹ́ ìgbà tí ó ń lọ, ó sì lè jẹ́ igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tí ń ta igbá fínfín tí ó bá yan “igba” nìkan ti kó owó rẹ̀ dà sínú odò. Ṣùgbọ́n bí ó bá yan “igba finfin”, ọ̀rọ̀ kejì ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ti ìṣáájú. Ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì nìyí, pé àyíká tí a ti lo ọ̀rọ̀ ni ó ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Níbi tí àmì ohùn kò bá sí, ọ̀rọ̀ alábàárìn ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí túmọ̀ sí pé kí á jáwọ́ nínú àmì ohùn? Rárá o. Nínú ọ̀rọ̀ àwárí, kí á kọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ ni a ń dá lóhùn. Nínú ojú-ewé tí a ń darí rẹ̀ sí, kí á kọ èdè wa bí ó ti tọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ó yẹ kí ó dùn wá. Bí Google bá rí i pé àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀ kan kéré jù, yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà sùn, kò ní í fi ìpolówó kankan hàn lórí rẹ̀ títí àwọn tí ń wá a yóò fi pọ̀ sí i. “Aṣọ òkè” àti “aṣọ ẹbí” kò ní í sùn, nítorí a ń tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbólóhùn Yorùbá tí ó dára, bí i “ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ”, lè sùn lọ fọnfọn, nítorí pé ohun tí a ń sọ ní Yorùbá lójú ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń fi wá a lórí fóònù. Google ti fi Yorùbá sí ara àwọn èdè tí ènìyàn lè yàn fún ojú-ewé àwárí rẹ̀. Ẹ̀rọ kò kọ̀ wá. Àwa ni a kò tíì ké sí i ní èdè wa tó bí ó ti yẹ.

Kí n tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìwà kò ṣeé fò. Àwọn kan máa ń fi orúkọ aránṣọ kejì ṣe ọ̀rọ̀ àwárí, kí ẹni tí ń wá onítọ̀hún lè bọ́ sọ́dọ̀ wọn. Òfin Google lè gba orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àwárí, bí kò tilẹ̀ gbà kí á máa lò ó bí ó ti wù wá nínú ìpolówó gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà, àdúgbò lè má gbà á. Oníbàárà tí a fi ẹ̀tàn mú wá kì í pẹ́ mọ̀. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ pé owó òun ń ṣiṣẹ́? Kí ó má ka iye ènìyàn tí ó tẹ̀ ẹ́ nìkan. Kí ó ka iye tí ó pè é, àti iye tí ó gbé aṣọ wá. Kí ó máa béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé, “Níbo ni ẹ ti gbọ́ nípa wa?” Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń jẹ owó tí kò mú ẹnikẹ́ni wá, kí ó dá a dúró. Kí ó sì tó san kọ́bọ̀ rárá, kí ó kọ́kọ́ forúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ Google, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè mú ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó gbọ́ gbólóhùn 20 láti ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀, kí ó pín wọn sí èyí tí ń wá ìmọ̀, èyí tí ń wá iṣẹ́ ṣe, àti èyí tí ó fẹ́ ra ọjà. Yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ìtumọ̀, oníṣẹ́ náà yóò sì jèrè. Ọ̀rọ̀ rere, àwọn baba wa wí pé òun ni í yọ obì lápò. Lóde òní, ọ̀rọ̀ tí ó bá rẹ́gí náà ni ó ń yọ owó lápò oníbàárà. Èyí tí kò bá rẹ́gí, àpò olùtajà ni yóò ti yọ ọ́.